Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Rí Òbí Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Ọ̀dọ́langba Tí Bàbá Tàbí Ìyá Wọn Wà Ní Àtìmọ́lé

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa, tó tún wà nínú ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́, bá wa sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ní Houston. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò ráyè wá.)

Nígbà tí akọ̀wé wa béèrè ohun tí mo fẹ́ sọ, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ni, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe. Lónìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ ìlera ni òun náà, ṣùgbọ́n ìtìjú wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Bí wọ́n bá mú bàbá tàbí ìyá lọ sí àtìmọ́lé káúńtì, kí ni à ń ṣe fún àwọn ọmọ tó kù nílé, pàápàá àwọn tó wà láàrin ọdún 13 sí 17? Ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ wa ti pàdé ọ̀rọ̀ yìí ní ilé tó ju ẹyọ kan lọ. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní sọ ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi mọ ilé tí mò ń sọ. Ohun tí mo rí ni pé a máa ń dá owó lọ́yà, a máa ń gbé oúnjẹ lọ fún ìyàwó, a máa ń bá wọn gbàdúrà. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan pe ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó bi í pé, "Ṣé o fẹ́ lọ rí bàbá rẹ?"

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò gùn. Ọmọ tó bá fẹ́ rí òbí rẹ̀ ní àtìmọ́lé, ẹ jẹ́ kí ó rí i. Ilẹ̀kùn tí ìjọba bá tì, kí a jọ lọ kàn án. Èyí tó bá jẹ́ pé àwa fúnra wa la tì í, kí a ṣí i.

ÀTÌMỌ́LÉ KÁÚŃTÌ KÌ Í ṢE KÍRÌKÍRÌ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun kan, nítorí pé ẹ̀rù tí a gbé ti ilé wá ló ń dà wá láàmú. Nílé, bí wọ́n bá ní ẹnìkan wà ní Kírìkírì tàbí ní Agodi, àdúgbò ti dá a lẹ́jọ́ tán. Wọn a máa pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọ ẹlẹ́wọ̀n títí ọmọ yóò fi dàgbà. Bí wọ́n bá ń wá ìyàwó, ìdílé mìíràn á ní kí ọmọ àwọn má ya ilé yẹn.

Níbí, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún lọ. Àtìmọ́lé káúńtì, tí ṣẹ́rífù ń darí, irú èyí tó wà ní Baker Street ní àárín ìlú wa yìí, ni wọ́n ń kó ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ, àti ẹni tí kò rí owó béèlì san, àti ẹni tí ìjìyà rẹ̀ kò gùn. Nínú ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2023, nínú ènìyàn 100 tó wà ní àtìmọ́lé káúńtì àti ti ìlú káàkiri Amẹ́ríkà, nǹkan bí 70 ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ẹjọ́ wọn ni wọ́n ń dúró dè. Ẹni tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi, kí ló dé tí àwa yóò fi dá ọmọ rẹ̀ lẹ́bi?

Kò sì yẹ kí a rò pé àwa nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2010, àjọ Pew gbé ìwádìí kan jáde. Ó ní àwọn ọmọ tí òbí wọn wà ní àtìmọ́lé tàbí lẹ́wọ̀n ní ilẹ̀ yìí jẹ́ mílíọ̀nù 2.7, ìyẹn ọmọ 1 nínú 28. Láàrin àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọmọ 1 nínú 9 ni. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ débi pé ní ọdún 2013, àwọn tó ń ṣe Sesame Street, ètò tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ọmọ wa kékeré fẹ́ràn, ṣẹ̀dá ọmọláńgidi kan tí wọ́n pè ní Alex, tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, kí àwọn ọmọ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lè mọ̀ pé àwọn kọ́ ni àkọ́kọ́.

IRỌ́ TÍ À Ń PA FÚN WỌN

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń sọ. "Bàbá rẹ lọ sí Nàìjíríà, ilẹ̀ kan ni wọ́n ń jà lé." "Ó ríṣẹ́ ní Dallas." "Mọ́mì rẹ ń tọ́jú aláìsàn kan tó ń gbé lọ́nà jíjìn." Ọmọ ọdún mẹ́rin lè gbà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ọdún 15 kò ní gbà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Orúkọ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ṣẹ́rífù, ẹnikẹ́ni ló lè wá a. Ọmọ á tẹ orúkọ bàbá rẹ̀, á rí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, á rí iye owó béèlì. Ìgbà mìíràn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ni yóò kọ́kọ́ rí i, tí yóò sì fi hàn án lórí fóònù níwájú àwọn ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá bá irọ́ yìí, ọmọ náà kò ní pàdánù bàbá tó wà ní àtìmọ́lé nìkan. Yóò pàdánù ìyá tó wà nílé pẹ̀lú, nítorí kò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń lọ wá ẹni tí yóò gbọ́kàn lé níta, ẹ sì mọ irú àwọn tó ń dúró de ọmọ níta.

OHUN TÍ Ó Ń ṢE FÚN ARA ỌMỌ

Nílé ni mo ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó wá ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ níbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń tọ́jú ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́langba kì í sábà sọ pé inú òun bàjẹ́. Ara rẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́. Inú á máa run ún láràárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé. Orí á máa fọ́ ọ. Ẹni tó yẹ kí ó sun oorun wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá á máa jí ní aago méjì òru. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á ya àwòrán ikùn rẹ̀, wọn kò ní rí nǹkan kan. Bí a bá wá ní kí àgbàlagbà jáde díẹ̀, tí a bi í pé ta ni wọ́n jọ ń gbélé, omi á lé ròrò lójú rẹ̀.

Ní ọdún 1998, àwọn dókítà méjì, Vincent Felitti àti Robert Anda, gbé ìwádìí ńlá kan jáde. Àwọn tí Kaiser Permanente ń tọ́jú ní San Diego ni wọ́n bi léèrè ohun tí ojú wọn rí ní kékeré. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá ẹnìkan nínú ilé ti lọ sẹ́wọ̀n rí. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀ tó lórí ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ọtí àmujù ṣe máa ń pọ̀ tó nígbà tó bá dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ọ bí àyànmọ́. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó ṣẹlẹ̀ sí ni yóò ṣàìsàn. Ohun tó ń dáàbò bo ọmọ jù lọ ni kí ó ní àgbàlagbà tó dúró tì í, tí kì í parọ́ fún un, àti kí okùn àárín òun àti òbí rẹ̀ má já.

Ibẹ̀ ni àbẹ̀wò ti wúlò. Ohun tí ọmọ ń rò lórí ibùsùn lóru máa ń burú ju ohun tí yóò rí lọ. Ó ń rò pé wọ́n ń lu bàbá òun. Ó ń rò pé bàbá ń bínú sí òun. Àwọn mìíràn ń rò pé àwọn ló fà á, nítorí pé wọ́n béèrè owó bàtà tàbí pé wọ́n gbó bàbá lẹ́nu ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ta ni yóò gba ẹrù yìí lórí wọn bí kò ṣe bàbá náà fúnra rẹ̀? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí bàbá bá wo ojú ọmọ, tó ní, "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, mo ṣì ni bàbá rẹ," ọ̀rọ̀ náà ń ṣe ohun tí oògùn wa kò lè ṣe.

Ó sì ń ran ẹni tó wà nínú ilé lọ́wọ́. Ní ọdún 2011, ẹ̀ka tó ń rí sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Minnesota ṣe ìwádìí lórí àwọn tó lé ní 16,000 tí wọ́n dá sílẹ̀ láàrin ọdún 2003 sí 2007. Wọ́n rí i pé àbẹ̀wò dín bí wọ́n ṣe ń tún dá ọ̀ràn ńlá kù ní ìdá 13 nínú 100. Ẹni tó mọ̀ pé ojú kan ń dúró de òun níta, ó máa ń ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

ÀWỌN OHUN TÍ WỌ́N MÁA Ń SỌ FÚN WA

Àwọn ìyá kan á ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù á ba ọmọ." Òótọ́ ni, ẹ̀rù lè bà á. N kò ní tàn yín. Àbẹ̀wò tí gíláàsì wà láàrin, tí ẹnikẹ́ni kò múra ọmọ sílẹ̀ fún, lè mú kí ó sunkún títí dé ilé. Àmọ́ ìmúrasílẹ̀ ni a fi ń tún un ṣe. A kì í torí pé abẹ́rẹ́ ń dun ọmọ kí a má fún un ní àjẹsára.

Àwọn mìíràn á ní àtìmọ́lé á mọ́ ọmọ lára, kò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Èmi kò tíì rí ọmọ tó jókòó síwájú gíláàsì, tó gbọ́ bí ilẹ̀kùn irin ṣe ń pa dé, tó wá ní ibẹ̀ wu òun.

Bàbá náà lè jẹ́ ẹni tó kọ̀. Á ní, "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi rí mi báyìí." Mo mọ bí ó ti le tó fún ọkùnrin tó ti jẹ́ olórí ilé láti jókòó nínú aṣọ àtìmọ́lé níwájú ọmọ rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un pé ọmọ kò wá wo aṣọ. Bí kò bá tíì lè gbà, kí ó kọ lẹ́tà tàbí kí ó pe ọmọ náà lórí tẹlifóònù, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí. Kí ó má fi ìdákẹ́ jẹ́ ọmọ lóhùn.

Mo tún ní láti sọ èyí kedere: kì í ṣe gbogbo ọmọ ló yẹ kí ó lọ. Bí ó bá jẹ́ pé òbí náà ló ṣe ọmọ ní ibi, tàbí tí ilé-ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kí ó má sún mọ́ ọn, a kò gbọdọ̀ mú ọmọ lọ. Bí ọmọ bá sì ní òun kò fẹ́, ẹ má fi ipá mú un, ẹ má fi Bíbélì tàbí Kùránì halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un pé ọjọ́ tó bá fẹ́, ẹ ó mú un lọ.

ILẸ̀KÙN TÍ ÌJỌBA TÌ

Ẹ má rò pé òfin ilẹ̀ yìí fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ tí kò ṣeé yẹ̀. Ní ọdún 1984, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ nínú ẹjọ́ kan tó ti àtìmọ́lé Los Angeles wá pé ẹni tó ń dúró de ẹjọ́ kò ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin-ìpìlẹ̀ láti fara kan àwọn tó wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì fi pọ̀. Ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ Overton àti Bazzetta, ilé-ẹjọ́ kan náà fọwọ́ sí òfin àbẹ̀wò Michigan, tó dín àwọn ọmọdé tó lè wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kù, tó sì ní àfi kí ọmọ tó bá wá wà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ tó ti dàgbà tàbí alágbàtọ́ tí òfin mọ̀. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn tó ń darí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ní Texas níbí, òfin kan jáde ní ọdún 2015 pé ẹni tó wà ní àtìmọ́lé káúńtì gbọ́dọ̀ ní àbẹ̀wò ojúkojú méjì, ó kéré tán, lọ́sẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má dín ní 20 ìṣẹ́jú, bí gíláàsì tilẹ̀ wà láàrin. Òfin náà yọ àwọn káúńtì kan tó ti náwó sórí ẹ̀rọ fídíò ṣáájú sílẹ̀. Ẹ̀rọ fídíò yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó dára fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àrọ́pò ojú. Ìwádìí tí àjọ Prison Policy Initiative gbé jáde ní ọdún 2015 fi hàn pé nínú àtìmọ́lé 100 tó gbé fídíò wọlé, 74 ló fòpin sí àbẹ̀wò ojúkojú.

Ibi tí bàtà ti ń ta àwa Yorùbá lẹ́sẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò tẹ̀lé ọmọ wọlé. Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń béèrè pé kí òbí tàbí alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ mú ọmọ tí kò tíì dàgbà wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n bàbá, bàbá ni. Àbúrò ìyá, ìyá ni. Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà àtìmọ́lé kò mọ àǹtí, kò mọ ẹ̀gbọ́n. Ìwé ló mọ̀.

Ẹ wá wo ilé tí bàbá wà nínú àtìmọ́lé, tí ìwé ìgbélùú ìyá kò tíì pé. Ìyá ń bẹ̀rù láti fi orúkọ àti káàdì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fíìsì ṣẹ́rífù. N kò lè bá a wí, nítorí láti ọdún 2017 ni òfin Texas kan ti pàṣẹ pé kí àwọn àtìmọ́lé káúńtì máa dá ẹni tí ìmígíréṣọ̀n bá ní kí wọ́n dá dúró dúró fún wọn. Kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ rí lọ́yà kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 tí wọ́n bí síbí, tó ní káàdì tirẹ̀, ń jókòó sílé, kò rí bàbá rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí òfin gbà pé ó lè mú un wọlé.

Àwọn ìlú mìíràn ti rí ojútùú. Ní New York, ìlànà tó de àtìmọ́lé ìlú náà ni pé ẹni tó ti pé ọdún 16, tó sì ní ìwé ìdánimọ̀, lè wọlé láìsí àgbàlagbà lẹ́yìn rẹ̀. Ní San Francisco, àwọn ọ̀dọ́ tí òbí tiwọn gan-an wà ní àtìmọ́lé ló kó ara wọn jọ, tí wọ́n bẹ ṣẹ́rífù pé kí ọmọ ọdún 16 àti 17 lè máa dá wá rí òbí wọn. Ṣẹ́rífù tó wà níbẹ̀ láàrin ọdún 2012 sí 2016 gbà fún wọn. Àwọn ọmọ ló ṣe é. Àwa àgbà ńkọ́? Ní Texas, bí ọmọ ọdún 17 bá dá ọ̀ràn, bí àgbàlagbà ni òfin ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Bí ó bá dàgbà tó láti wọ àtìmọ́lé, ó yẹ kí ó dàgbà tó láti lọ kí bàbá rẹ̀ níbẹ̀.

BÍ A ṢE Ń MÚRA ỌMỌ SÍLẸ̀

Èkíní, ẹ sọ òtítọ́ fún un kí ẹ tó mẹ́nu ba àbẹ̀wò. Kò pọn dandan kí ẹ ka ìwé ẹ̀sùn fún un. Ó tó láti sọ pé, "Wọ́n mú bàbá rẹ. Wọ́n ní ó ṣe nǹkan báyìí. Ilé-ẹjọ́ kò tíì dá ẹjọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Lẹ́yìn náà kí ẹ bi í bóyá ó fẹ́ lọ.

Èkejì, ẹ pe ọ́fíìsì ṣẹ́rífù kí ẹ tó gbéra, nítorí pé ìlànà máa ń yí padà. Ẹ béèrè ọjọ́ àti wákàtí, ìwé tí ọmọ yóò mú dání, ẹni tó lè mú un wọlé, àti bóyá ẹni tó wà nínú ilé ní láti kọ́kọ́ fi orúkọ yín sínú ìwé àbẹ̀wò. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti káàdì ilé ìwé ọmọ dání. Ẹ tètè dé. Ẹ béèrè irú aṣọ tí wọn kì í gbà, nítorí pé mo ti rí ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí aṣọ tí kò lápá.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣàlàyé ohun tí yóò rí. Wọn yóò yẹ ara rẹ̀ wò. Fóònù kò ní wọlé. Gíláàsì lè wà láàrin, kí wọ́n sì máa fi tẹlifóònù sọ̀rọ̀. Bàbá lè ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ lè ti kún. Ogún ìṣẹ́jú kò pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó kọ ohun mẹ́ta tó fẹ́ sọ tàbí tó fẹ́ béèrè sórí bébà nílé, kí ó sì há a sórí.

Ẹ̀kẹrin, èyí ṣe pàtàkì púpọ̀: kí ọmọ má sọ nǹkan kan nípa ẹjọ́ náà. Wọ́n lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú tẹlifóònù àti fídíò àtìmọ́lé, wọ́n sì lè gbà á sílẹ̀ kí wọ́n lò ó nílé-ẹjọ́. Kí wọ́n sọ̀rọ̀ ilé ìwé, bọ́ọ̀lù, àbúrò, oúnjẹ tí ìyá sè. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ti lọ́yà ni.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí ẹ bá jáde, ẹ má fi ìbéèrè há a mọ́lẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ fún un ní oúnjẹ, kí ó sinmi. Ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá sùn, tí kò jẹun, tàbí tó bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má dúró de ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ pe nọ́ńbà 988, èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà láti ọdún 2022 fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, tọ̀sán-tòru. Bí ó bá ti ṣe ara rẹ̀ léṣe, 911 ni kí ẹ pè.

ÌWÉ TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE

Bí ìyá àti bàbá bá lọ sí àtìmọ́lé pọ̀, tàbí tó bá jẹ́ òbí kan ṣoṣo ló ń tọ́ ọmọ, tí a kò sì tètè yọjú, ìjọba lè gba ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ tí a kò mọ̀ rí. Òfin àpapọ̀ kan wà láti ọdún 1997. Bí ọmọ bá ti wà lábẹ́ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún oṣù 15 nínú oṣù 22, ìpínlẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láti já ẹ̀tọ́ òbí lórí ọmọ, àyàfi tí ìdí kan bá wà. Ọ̀kan nínú irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni pé ọmọ wà lọ́dọ̀ ẹbí. Òbí tí kò rí ọmọ, tí kò pè é, tí kò kọ̀wé sí i ní gbogbo àkókò yẹn, kí ni yóò fi hàn adájọ́? Ẹ rí i pé àbẹ̀wò ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ.

Ní Texas, Orí 34 nínú òfin ìdílé gba òbí láyè láti fọwọ́ sí ìwé kan níwájú nótárì, tí yóò fún mọ̀lẹ́bí tàbí ẹni tó gbà láti tọ́jú ọmọ ní agbára láti mú un lọ sílé ìwòsàn, àti láti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé ìwé. Òbí tó wà ní àtìmọ́lé lè fọwọ́ sí i. Kì í sọ àǹtí di alágbàtọ́ níwájú ilé-ẹjọ́, nítorí náà ẹ bi ọ́fíìsì ṣẹ́rífù bóyá wọn yóò gbà á fún àbẹ̀wò, kí ẹ sì bi lọ́yà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó dára ju ọwọ́ òfo lọ.

OHUN TÍ MO Ń BẸ ẸGBẸ́ FÚN

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ìpàdé yìí gbà.

Èkíní, kí a yan ènìyàn mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta, tí ìwé wọn pé, tí wọ́n ní mọ́tò, tí ẹnu wọn kò yá, tí wọ́n lè mú ọmọ lọ kí wọ́n sì dúró dè é. Ẹni tí yóò bá gbé ọ̀rọ̀ ilé oníle dé ibi ìkómọ, kí ó má fi orúkọ sílẹ̀ o.

Èkejì, kí akọ̀wé wa kọ lẹ́tà sí ṣẹ́rífù ní orúkọ ẹgbẹ́. Kí a bẹ̀ ẹ́ pé kí ọmọ ọdún 16 àti 17 lè dá wọlé lọ rí òbí wọn. Kí ọmọ tí kò tó bẹ́ẹ̀ lè wọlé pẹ̀lú àgbàlagbà yòówù tí òbí bá fọwọ́ sí. Kí wákàtí àbẹ̀wò wà lẹ́yìn ilé ìwé àti ní ọjọ́ Sátidé. Kí fídíò má sì gba ipò ojú. Ìbò ni a fi ń yan ṣẹ́rífù, ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ ilẹ̀ yìí, lẹ́tà yín àti ìbò yín wúwo. Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá yòókù, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wa sọ ọ́, kí lẹ́tà náà má dá lọ.

Ẹ̀kẹta kò gba lẹ́tà. Bí ọmọ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí bá wá síbi ayẹyẹ wa, ẹ má ṣe dákẹ́ lójijì nígbà tó bá wọlé. Ẹ má ní kí ọmọ yín má bá a ṣeré. Ẹ pe orúkọ bàbá rẹ̀ bí ẹ ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ ọdún 15 kì í ṣe ọmọ tuntun mọ́, ṣùgbọ́n orí tirẹ̀ náà lè wọ́ bí a bá ń wò ó níran.

Ìwé tí ẹ ó kọ orúkọ sí wà lọ́wọ́ akápò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kan gan-an, kí ó pè mí nílé lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, àwa méjèèjì nìkan ni yóò gbọ́ ọ. Olúwa kò ní jẹ́ kí a fi ojú sunkún ọmọ, yóò sì mú àwọn tó wà ní àtìmọ́lé padà wálé láyọ̀. Ire o.